Ẹrù tó o fọwọ́ ara ẹ wá àti ẹrù tí ẹ́dítọ̀ kọ fún ẹ: bí mo ṣe ń gbá Diablo II

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọ àǹtí mi kan gbéra láti Kétu wá sọ́dọ̀ mi ní Àjàṣẹ́ níbí, kò tíì mu omi àlejò tó ti na kilé USB sí mi, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó, mo ti ní Enigma." Mo ní báwo? Torí mo mọ̀ pé kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó bẹ̀rẹ̀ Diablo II, géèmù kọ̀ǹpútà tí à ń fi akọni pa àǹjọ̀nú ká lè kó ẹrù wọn, Enigma yẹn sì rèé, ẹ̀wù alágbára ni, rune Jah pẹ̀lú Ber ló ń jẹ, ìyẹn òkúta kéékèèké tó ṣọ̀wọ́n tí wọ́n ń kì bọ ihò ara ẹrù, èmi tí mo ti ń gbá a láti ìgbà tí Resurrected, àtúnṣe géèmù náà, ti jáde ní 2021, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ber tíì já bọ́ níwájú mi. A ki kilé bọ kọ̀ǹpútà, mo ṣí i. Sorceress ni, akọni obìnrin onídán, lẹ́fẹ́ẹ̀lì 99, Jah tò sínú àpótí ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá to tòmátì sórí àtẹ lọ́jà Wàndó, Ber wà lábẹ́ ẹ̀, òrùka Stone of Jordan mẹ́wàá. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló bá òun fi ẹ́dítọ̀ ṣe é, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ ẹrù sínú fáìlì géèmù.

Mi ò bá a wí. Mo ní kó jókòó kó gbá a. Láàárín wákàtí méjì ó ti na Baal, ọ̀gá àǹjọ̀nú ìkẹyìn, ní Hell, ìpele tó le jù nínú mẹ́ta (Normal, Nightmare, Hell), bí ẹni pa eṣinṣin, ó tún padà na án, ẹrù fọ́n ká ilẹ̀ kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú un, kí ló tún fẹ́ fi ṣe? Lọ́jọ́ kejì, bóyá ogún ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kẹta bọ́ọ̀lù ló lọ gbá létí ọ̀sà, kò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Alẹ́ ọjọ́ kẹrin ló wá jókòó tì mí níbi tí mo ti ń gbá tèmi, rune Amn kan ṣoṣo já bọ́ mo fò sókè, ó wò mí títí, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ mi ní tiyín."

Ohun tí mo kọ́ ọ nìyí. Mo kọ ọ́ síbí torí àwọn tó ń bi mí nírú ìbéèrè yẹn ti pọ̀.

Ṣáájú ohun gbogbo, mọ ohun tí ẹ́dítọ̀ ń ṣe, kò sí awo níbẹ̀. Tó o bá ń gbá Diablo II ní ọ́fláìnì, gbogbo ohun tí akọni ẹ ní, láti orí fìlà dé bàtà, inú fáìlì kan ló wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ, nínú fólídà Saved Games, orúkọ akọni ẹ ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì parí sí .d2s. Àpótí tí gbogbo àwọn akọni ẹ jọ ń lò ní fáìlì tiẹ̀, òun parí sí .d2i. Ẹ́dítọ̀ á ṣí fáìlì yẹn, á kọ ohun tó o bá fẹ́ sínú ẹ̀, á pa á dé, ó tán. Hero Editor tí àwọn tó gbá géèmù yìí láyé àtijọ́ máa ń dárúkọ, ti Diablo II àtijọ́ ni, ìyẹn èyí tó jáde ní 2000 àti Lord of Destruction tó tẹ̀ lé e ní 2001, ọ̀nà tí Resurrected ń gbà tọ́jú fáìlì ti yàtọ̀, torí náà má wulẹ̀ máa da ara ẹ láàmú pẹ̀lú ẹ̀.

Àmọ́ akọni tó o bá dá ní ọnláìnì, orí sẹ́fà Blizzard ló wà. Kò sí lọ́wọ́ ẹ, kò sí fáìlì tó o fẹ́ ṣí. Akọni ọ́fláìnì ò sì lè kọjá sí ọnláìnì láéláé. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún ẹ pé òun ní ẹ́dítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọnláìnì, jọ̀ọ́ sá fún un, páásìwọ́ọ̀dù ẹ ló ń wá, àbí kó fi fáìrọ́ọ̀sì sínú kọ̀ǹpútà ẹ. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tó kú fin-ín báyìí nítorí fáìlì .exe kan tí wọ́n ń pín káàkiri, ọmọ tó ni ín sì ń lò ó fún iṣẹ́ ilé ìwé.

Ṣé ojóóró wá ni ẹ́dítọ̀ ní ọ́fláìnì? Ní tèmi o, tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lò ń gbá a, o ò ja ẹnikẹ́ni lólè. Tó bá jẹ́ pé ìwọ àti àwọn mìíràn lẹ jọ ń fi ẹrù wéra, tó o wá gbé èyí tó o fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ síwájú wọn pé wò ó, o pa irọ́ fún wọn nìyẹn, mi ò sì lè pè é ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù ni ohun tó ń ṣe fún ìwọ fúnra ẹ. Ẹrù ni olùkọ́ géèmù yìí. Ẹni tó rin ìrìn kékeré kékeré wá á mọ ìdí tí wọ́n fi ń pa á: tó o bá dé Nightmare wọ́n á yọ 40 kúrò nínú gbogbo resistance ẹ, ìyẹn agbára tí ara ẹ fi ń kojú iná àti mànàmáná, tó o bá dé Hell ó di 100, bó ò bá ti tọ́jú ẹ̀ṣọ́ iná àti mànàmáná sára, ẹ̀ṣẹ́ kan péré wọ́n gbé ẹ ṣubú. Àbúrò mi yìí ti pa Baal ní Hell lẹ́ẹ̀mejì, kò mọ ohun tí à ń pè ní resistance. Ẹrù ẹ̀ ò jẹ́ kó pàdé ẹ̀.

Ó dáa, ká bẹ̀rẹ̀. Sorceress ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, torí lẹ́fẹ́ẹ̀lì 18 ó ti lè kọ́ Teleport, idán tó ń gbé e fò láti ibì kan sí ibòmíràn, àti pé idán ló ń fi jà, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò idà tó le. Má máa lé ẹrù aláwọ̀ góòlù, tí wọ́n ń pè ní unique, kiri. Runeword ni kó o kọ́kọ́ máa wá, ìyẹn ni pé kó o rí ẹ̀wù tàbí idà lásán, funfun tàbí eérú, tó ní ihò, kó o wá to rune sínú ihò náà bó ṣe yẹ kó tò. Iye ihò àti iye rune gbọ́dọ̀ dọ́gba gẹ́lẹ́. Tó bá jẹ́ búlúù tàbí yẹ́lò ni ẹrù yẹn, kò ní ṣiṣẹ́, rune ẹ á kàn ṣòfò, mo sì ti ṣòfò Amn kan báyẹn rí, ó dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan.

Èyí àkọ́kọ́ ni Stealth, Tal lẹ́yìn náà Eth, nínú ẹ̀wù oníhò méjì. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 17 o ti lè wọ̀ ọ́. Á mú ẹ yára rìn, á mú ẹ yára sọ idán, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibo lo ti máa rí Tal àti Eth? Ọ̀dọ̀ Countess. Àǹjọ̀nú obìnrin yẹn wà ní Act kìíní, ìyẹn apá kìíní géèmù, nínú ilé gogoro tó wà ní Black Marsh, o máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé àjà ilẹ̀ karùn-ún. Yàtọ̀ sí ẹrù tí gbogbo àǹjọ̀nú ń jù sílẹ̀, òun ní àpò rune tiẹ̀ lọ́tọ̀: ní Normal àpò yẹn lè fún ẹ títí dé Ral, ní Nightmare títí dé Io, ní Hell títí dé Ist. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rèé, mo sì fẹ́ kó o fara balẹ̀ gbọ́. Ní ọ́fláìnì o lè tẹ /players 8, ìyẹn ni pé kí géèmù ṣe bíi pé èèyàn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, àǹjọ̀nú á le sí i, wọ́n á sì máa ju ẹrù sílẹ̀ púpọ̀ sí i. Ó dáa fún gbogbo ibòmíràn. Àmọ́ tó o bá ti dé ẹnu ọ̀nà Countess, dá a padà sí /players 1. Ìdí ni pé ẹrù mẹ́fà péré ni àǹjọ̀nú kan lè jù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹrù lásán ló sì máa ń kọ́kọ́ jábọ́, tí wọ́n bá ti kún mẹ́fà, rune tó yẹ kó tẹ̀ lé e ò ní rí àyè. Mo fi oṣù bíi mélòó kan na obìnrin yẹn lórí 8 kí n tó mọ̀.

Nǹkan mìíràn nìyí, ní ọ́fláìnì máàpù kì í yí padà àfi tó o bá yí ìpele líle padà. Tó o bá ti rí máàpù tí ilé gogoro yẹn sún mọ́ waypoint, ibi tí wọ́n ti máa ń gbé ẹ fò wá láti ìlú, dúró síbẹ̀. Tèmi báyìí, láti waypoint dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ìṣẹ́jú méjì. Mo máa ń ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá kí n tó sùn.

Lẹ́yìn Stealth, Spirit. Tal, Thul, Ort, Amn, bí mo ṣe tò ó yìí gan-an, nínú idà tàbí asà oníhò mẹ́rin, lẹ́fẹ́ẹ̀lì 25. Ó ń fi 2 kún gbogbo idán tó o mọ̀. Fún idà, lọ sọ́dọ̀ àwọn màlúù ní Normal: ẹsẹ̀ igi Wirt tó wà ní Tristram pẹ̀lú ìwé town portal ńlá, kó wọn sínú Horadric Cube, àpótí kékeré tó ń yí ẹrù padà, lẹ́yìn tó o ti pa Baal, ọ̀nà á ṣí. Crystal Sword tó bá jábọ́ níbẹ̀ láìníhò, gbé e fún Larzuk, alágbẹ̀dẹ, ní Act karùn-ún, á lu ihò mẹ́rin sí i. Má gbé èyí tó jábọ́ níwájú dáadáa ní Nightmare fún un o, mẹ́fà ló máa lù sí i, ó bà jẹ́ fún Spirit nìyẹn.

Tí Ort tàbí Thul bá sá fún ẹ, Cube wà níbẹ̀: Ral mẹ́ta di Ort kan, Ort mẹ́ta di Thul kan. Thul mẹ́ta pẹ̀lú topaz tó fọ́ lára, ó di Amn. Ó gba sùúrù. Hellforge náà ń bẹ ní Act kẹrin, ibi tó o ti máa fi òòlù fọ́ òkúta Mephisto, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àǹjọ̀nú, ní Normal rune láti El dé Amn ló ń fún ẹ, ní Nightmare láti Sol dé Um, ní Hell láti Hel dé Gul. Ẹ̀ẹ̀kan ni akọni kan lè gbà á ní ìpele kọ̀ọ̀kan, má gbàgbé ẹ̀ lẹ́yìn bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe.

Magic find, ìyẹn agbára tó ń mú kí ẹrù tó dáa máa jábọ́ sí i, ńkọ́? Ìgbà yìí gan-an ló tó wúlò, tó o bá ti lè pa Mephisto ní Nightmare láìsá sókè sódò. Topaz pípé kan nínú fìlà tàbí ẹ̀wù fi 24 kún un, ẹ̀wù oníhò mẹ́rin tó kún fún topaz jẹ́ 96. Ṣùgbọ́n má lé e kọjá ààlà. Fún ẹrù unique, géèmù kì í kà á pé pérépéré: tó o bá ní 250, bíi 125 ló ń kà fún ẹ, tó o bá ní 500, nǹkan bíi 166. Wàá ti bọ́ gbogbo ohun tó ń dáàbò bò ẹ́ sílẹ̀ nítorí èrè kékeré yẹn, wọ́n á sì máa pa ẹ́. Magic find ò sì kan rune rárá, kò fi ẹyọ kan kún un.

Ibi tí mo ti lè gbà kó o lo ẹ́dítọ̀ wà o, mi ò ní purọ́. Lọ́dún kan, ina lọ lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí géèmù ti ń kọ fáìlì sílẹ̀, nígbà tó dé, Paladin tí mo ti fi oṣù mẹ́rin tọ́ kọ̀ láti ṣí. Fáìlì ti bà jẹ́. Mo ní kọ́pì kan tó ti tó oṣù kan, mo mú un padà, mo wá fi ẹ́dítọ̀ kọ idà àti asà tí mo mọ̀ dájú pé mo ti rí láàárín oṣù yẹn padà síbẹ̀, kò ju méjì yẹn lọ. Ara mi balẹ̀ lórí ẹ̀ títí dòní. Èkejì ni tó o bá fẹ́ dán nǹkan wò, bóyá o fẹ́ mọ̀ bóyá Enigma tọ́ sí bí o ṣe ń gbá a kó o tó lọ fi ọdún kan wá Jah.

Bí wàá ṣe ṣe é rèé. Pa géèmù dé pátápátá. Kọ́pì fólídà yẹn lódindi sórí kilé tàbí síbòmíràn, kó o kọ déètì ọjọ́ náà sí i lórúkọ. Dá akọni tuntun tó o máa fi dán nǹkan wò, fún un lórúkọ tí wàá fi mọ̀ ọ́n, tèmi ń jẹ́ Idanwo, òun nìkan ni kí ẹ́dítọ̀ fọwọ́ kàn. Má gbé ohunkóhun láti ọwọ́ ẹ̀ sínú àpótí àjọlò, torí ibẹ̀ ló ti máa ń dàpọ̀, oṣù mẹ́ta sí i o ò ní mọ èyí tó o rí àti èyí tó o kọ mọ́. Má sì kọ agbára tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ò lè ní sí i lára, géèmù lè kọ̀ láti ṣí akọni náà. Tó o bá ti dán an wò tán, pa á rẹ́.

Kọ́pì yẹn, máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kódà bó ò bá ní ẹ́dítọ̀ rárá, àwa tí à ń gbé níbi tí ina ti ń lọ láìdágbére.

Fún àwọn tó ń gbá nǹkan mìíràn: Grim Dawn àti Torchlight II, fáìlì wà lọ́wọ́ ẹ, ohun tí mo sọ lókè yìí kan wọ́n. Path of Exile, orí sẹ́fà ni gbogbo ẹ̀ wà, gbàgbé ẹ́dítọ̀ níbẹ̀. Diablo III ní tiẹ̀, nígbà tó jáde ní 2012, wọ́n ṣí ọjà sínú géèmù tí èèyàn ti lè fi owó gidi ra ẹrù, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn tì í pa ní oṣù kẹta 2014, torí wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ti fi pípa àǹjọ̀nú sílẹ̀, ọjà ni wọ́n ń ná. Àwọn tó ṣe géèmù náà fúnra wọn ló sọ ọ́ pé ó ń ba ìdí tí wọ́n fi ṣe é jẹ́.

Àbúrò mi padà sí Kétu pẹ̀lú Sorceress lẹ́fẹ́ẹ̀lì 31. Òru tó ku ọ̀la kó lọ ni Amn ẹ̀ já bọ́ níwájú Countess ní Nightmare, orúkọ rune yẹn yọ ní àwọ̀ ọsàn sórí ilẹ̀ dúdú, kò sọ̀rọ̀, ó kàn di ọwọ́ mi mú. Ó rọra to mẹ́ta àkọ́kọ́ sínú Crystal Sword, Tal, Thul, Ort, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá ó tò dáadáa kí òun tó fi Amn sí i. Mo ní ó tò dáadáa. Nígbà tí orúkọ Spirit yọ jáde, ó pariwo débi tí ìyàwó mi fi jáde láti yàrá.

Àná ló pè mí. Insight, runeword mìíràn, ló ń wá báyìí fún jagunjagun tó háyà ní Act kejì, Ral, Tir, Tal ti pé, polearm oníhò mẹ́rin, ohun ìjà onígi gígùn, wà nílẹ̀, Sol ló kù. Mo ní kó ṣì máa na Countess ní Nightmare, lórí /players 1, kó má sì tíì lọ fọ́ òkúta Mephisto tó wà níbẹ̀.

Ó ní òun ti na án ní ìgbà mọ́kàndínlógún.