Bí mo ṣe fi síkáànì mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró Màmá kan

Ẹni ọdún 63 ni Màmá náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé ANCA vasculitis ló ń bá wọn fínra, àìsàn tí àwọn ohun ìjà ara fi ń kọjú sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tínńtínní dípò àrùn, tí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró sì sábà máa ń fara gbá nínú rẹ̀. Kíndìnrín wọn ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn wú, mímí sì nira débi pé wọn kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ fún CT, ìyẹn àwòrán X-ray tí ẹ̀rọ ń yà yí ara ká. Ìdí nìyí tí mo fi ti ẹ̀rọ síkáànì, irú èyí tí a fi ń wo ọmọ inú aboyún, lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.

"Ó tutù o, Dókítà," ni wọ́n wí nígbà tí jẹ́ẹ̀lì kan àyà wọn.

"Ẹ má bínú, Mà, kò ní pẹ́."

Àlàfo egungun ìhà 14 ni mo yẹ̀ wò, méje lọ́tùn-ún, méje lósì. Afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró tí ó dá ṣáṣá, ìgbì ohùn ẹ̀rọ kì í sì í là á kọjá, nítorí náà awọ tó bò ó nìkan ni a ń rí, bí ìlà funfun kan tó ń yọ̀ síwá sẹ́yìn bí ènìyàn ṣe ń mí. Ṣùgbọ́n bí omi tàbí àpá bá ti wọ inú rẹ̀, ìlà òòró yóò máa já láti ara awọ náà dé ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ bí ìtànṣán tọ́ọ̀ṣì. Tí ó bá sì ti pé mẹ́ta nínú àlàfo kan, a kò gbọdọ̀ gbójú fò ó.

Mo rí i níwájú, mo rí i lẹ́yìn. Ó kù díẹ̀ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n omi tí kíndìnrín kò rí tọ̀ jáde lè fa irú ìlà kan náà. Mo wá pààrọ̀ orí ẹ̀rọ sí èyí tó ń fi ohun tó wà nítòsí hàn kedere, mo sì gbé e dúró ṣánṣán, nítorí pé bí a bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, awọ tó dán pàápàá lè dà bí èyí tó bàjẹ́. Níwájú, awọ náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dán. Nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ó nípọn, ó sì rí jákujàku bí etí aṣọ tí eku jẹ.

Lẹ́yìn tí a ti fọ ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì, tí omi ti fà, mo padà sí àwọn àlàfo 14 náà. Àwọn ìlà iwájú ti pòórá. Ti ẹ̀yìn kò yẹsẹ̀. Nígbà tí Màmá lè fẹ̀yìn lélẹ̀, CT fi àpá hàn níbẹ̀ gan-an, ó sì tún fi kókó kékeré kan hàn láàárín ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, èyí tí síkáànì mi kò lè rí, nítorí pé afẹ́fẹ́ yí i ká, kò sì kan awọ. Mo kọ iye ìlà tó wà ní àlàfo kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì wọn, kí ẹni tó bá tún yẹ̀ wọ́n wò lè kà á níbi kan náà.