Bí A Ṣe Ń Tú Ọ̀rọ̀ náà "Maranata" àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ yọ nínú Bíbélì, ní 1 Kọ́ríńtì 16:22, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti fi í sílẹ̀ ní èdè Árámáíkì nínú lẹ́tà tí ó fi èdè Gíríìkì kọ. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ ó ti là á sí méjì. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, nítorí pé àwọn tí ó fi ọwọ́ da Ìwé Mímọ́ kọ láyé àtijọ́ kì í fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Bí ẹ bá pè é ní "maran ata", ìròyìn ni: Olúwa wa ti dé. Bí ẹ bá pè é ní "marana ta", ẹ̀bẹ̀ ni: Olúwa wa, máa bọ̀.

Ẹ wá ṣí ìwé Dáníẹ́lì, èyí tí ó jẹ́ Árámáíkì láti 2:4 títí dé òpin orí 7. Ní 2:47, níbi tí ọba ti pe Ọlọ́run ní Olúwa àwọn ọba, ọ̀rọ̀ tí ó bí "maran" ni ó lò; ní 7:22, níbi tí Ẹni Àgbà Ọjọ́ ti dé, "ata" ni ó wà níbẹ̀.

Èwo ni kí a wá mú? Ẹ̀bẹ̀ ni èmi fara mọ́, nítorí pé Ìfihàn 22:20 gba àdúrà kan náà ní èdè Gíríìkì, "Máa bọ̀, Jésù Olúwa", àti pé nínú Didache, ìwé ìlànà àwọn Kristẹni ìjímìjí, ìparí àdúrà oúnjẹ mímọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wà, tí "Àmín" sì tẹ̀ lé e.

Ẹ má ṣe so ó mọ́ "anatema" tí ó ṣáájú rẹ̀. Bíbélì King James kọ méjèèjì tẹ̀ léra láìfi àmì kankan sáàárín wọn, ni àwọn kan bá kà wọ́n sí ègún kan ṣoṣo. Èdè Gíríìkì ni anatema, òun ni ègún, ibẹ̀ sì ni gbólóhùn náà parí sí. Àdúrà ni maranata. Ó dùn mọ́ mi pé àwọn ará Kọ́ríńtì, tí Gíríìkì jẹ́ èdè wọn, gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ tí ń sọ Árámáíkì, wọn kò sì pa á dà.

Nítorí náà, Olúwa ni kí ẹ máa sọ ọ́ sí, pàápàá ní ìparí àdúrà. Ẹ má ṣe sọ pé "Maranata ń bọ̀", bí ẹni pé orúkọ ẹnìkan ni, nítorí pé "máa bọ̀" ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.