Katakata Wo Ló Tó Oko Yín?

Ẹni tó ní éékà márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápá Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí, tó jẹ́ pé Sátidé nìkan ló ń ráàyè débẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í níbi tí wọ́n ti ń ta katakata ni pé, "Éékà mélòó ni?" Ìbéèrè yẹn nìkan ò tó. Iṣẹ́ tó wúwo jù tí ẹ fẹ́ ṣe, irú ilẹ̀ tí ẹ ní, àti iye ọjọ́ tí òjò máa gbà yín láàyè, àwọn la fi ń mọ bó ṣe yẹ kí katakata tóbi tó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìtúlẹ̀, torí òun ló ń jẹ agbára jù. Ohun ìtúlẹ̀ onídísìkì, ìyẹn irin róbótó tó ń yí, ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì nídìí: bí dísìkì bá kan gbòǹgbò tàbí òkúta, á yí gun orí ẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n èyí tó lójú bí ọkọ́ á há síbẹ̀ ni, tàbí kó kán. Katakata HP 75 (HP ni òṣùwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì), bíi Massey Ferguson (MF) 375, tí àwọn tó ń fi túlẹ̀ gbowó ń gbé káàkiri, dísìkì mẹ́ta ló ń fà. Ẹ pín in: HP 25 fún dísìkì kan. Ìṣirò yẹn ṣeé gbára lé lórí ilẹ̀ líle. Lórí ilẹ̀ yanrìn tí òjò ti rin gbingbin, HP 17 tàbí 18 lè gbé dísìkì kan. Nítorí náà, HP 50 á fa dísìkì méjì níbi púpọ̀. HP 35 á fa méjì lórí yanrìn, ṣùgbọ́n tó bá dórí ilẹ̀ pupa tó ti gan, ẹ́ńjìnnì á máa ké, táyà á máa yí lásán.

Ẹ wá ṣírò wákàtí. Dísìkì méjì ń gé nǹkan bíi 0.6 mítà lẹ́ẹ̀kan, mẹ́ta ń gé nǹkan bíi 0.9. Ẹ sọ ìbú yẹn dìlọ́po pẹ̀lú eré katakata, ká ní kìlómítà 5 ní wákàtí kan, ẹ tún sọ ọ́ dìlọ́po pẹ̀lú 0.7, kí ẹ wá pín in sí 10. 0.7 yẹn ni ohun tó kù nínú àkókò lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ìgbà tí ẹ fi ń yí ní ìpẹ̀kun oko àti ìgbà tí ẹ fi ń já gbòǹgbò kúrò lára dísìkì. Dísìkì méjì: 0.6 × 5 × 0.7 ÷ 10 = 0.21 hẹ́kítà ní wákàtí kan. Hẹ́kítà 0.4 ni éékà kan, ìyẹn ni pé wákàtí méjì ni éékà kan máa gbà. Dísìkì mẹ́ta á ṣe é ní nǹkan bíi wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ gbé e lé éékà mẹ́wàá. Ogún wákàtí fún ìtúlẹ̀ pẹ̀lú dísìkì méjì. Ẹ fi bíi wákàtí mẹ́wàá kún un fún háárò, ìyẹn fífọ́ ògúlùtu ilẹ̀ tí ẹ ti tú, àti bíi méjìlá fún ebè kíkọ. Ó di wákàtí 42. Ẹni tó ń fi wákàtí mẹ́fà ṣiṣẹ́ ní Sátidé kan á lo Sátidé méje. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ nípàdé oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, òpin oṣù Karùn-ún ló máa tó gbin àgbàdo tó gbẹ̀yìn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọ pé, "Ó dáa, ẹ fún mi ní HP 75."

Kò pọn dandan. Iṣẹ́ bíi ọjọ́ mélòó kan lọ́dún nìkan ló nílò HP 75 lóko éékà mẹ́wàá. Ẹ háyà ẹ fún ìtúlẹ̀, kí ẹ ra kékeré fún gbogbo ohun tó kù: háárò, ebè, koríko gígé, omi àti ajílẹ̀ kíkó, ẹ̀gẹ́ gbígbé jáde. Oko tí kò tó éékà márùn-ún ò nílò katakata tiẹ̀ rárá. Láti márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, HP 30 sí 40 tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ló bá a mu. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ túlẹ̀ fúnra yín, ẹ máa wo HP 50 sí 60. Àkùrọ̀ yàtọ̀: katakata kékeré tí wọ́n ń rìn tẹ̀lé lẹ́yìn, HP 8 sí 15, á ṣe é dáadáa nínú ẹrẹ̀. Ẹ má gbé e lọ sílẹ̀ gbígbẹ tó ní kùkùté ẹ̀gẹ́ o, á máa ta bí ewúrẹ́ tí wọ́n dè.

Ní ti dísù, HP 75 ń mu nǹkan bíi lítà 11 ní wákàtí kan tó bá ń túlẹ̀, HP 35 ń mu bíi lítà 5 tàbí 6. Ẹ sọ ọ́ di ti éékà: lítà 14 àti lítà 11. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ìgbà tí katakata ńlá bá ń gbé dúrọ́ọ̀mù omi méjì lọ bọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ni owó ń ṣòfò.

HP láìsí ìwúwo kò wúlò. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá katakata yín wúwo tó rèé: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà ẹ̀yìn. Ẹ gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè, ẹ wà á títí táyà á fi yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ wọn ibi tó dé. Ká ní mítà 40 ni. Ẹ wá ki dísìkì bọlẹ̀, ẹ tún ka mẹ́wàá. Bó bá dé mítà 35, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yí lásán, ìyẹn dáa. Láàárín 8 sí 15 la fẹ́. Bó bá dé mítà 32 péré, ìdá ogún ni, táyà ń jẹ, dísù ń lọ. Kó lè wúwo sí i, ẹ rọ omi sínú táyà ẹ̀yìn títí dé ibi ẹnu rẹ̀ nígbà tí ẹnu náà bá wà lókè, ìyẹn nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Níbi tí òtútù ti ń mú omi di yìnyín, wọ́n gbọ́dọ̀ po oògùn mọ́ ọn. Lọ́dọ̀ wa, omi lásán tó.

Ẹ wo apá mẹ́ta tó ń gbé irinṣẹ́ lẹ́yìn. Katakata kékeré máa ń lo òṣùwọ̀n kìíní, tí pín-ìnì ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22. Àwọn ńlá ń lo òṣùwọ̀n kejì, mìlímítà 28. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ àlòkù tí ẹ máa rí jẹ́ ti òṣùwọ̀n kejì. Bí wẹ́dà bá ní òun á dín pín-ìnì kù kó lè wọ HP 30 yín, ẹ kọ̀ ọ́. Irinṣẹ́ tí pín-ìnì rẹ̀ tóbi jù, òun fúnra rẹ̀ ti wúwo jù: tí ẹ bá gbé e sókè, táyà iwájú á fò kúrò nílẹ̀, ọwọ́ ìtukọ̀ ò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Slasher tó ń gé koríko, PTO, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata, ló ń yí i, ní yíyí 540 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń dé PTO kò tó ti ẹ́ńjìnnì: HP 35 á kù sí bíi 30. Ìyẹn tó fún slasher oníbùú mítà kan ààbọ̀. Bó bá jẹ́ èèsún tó ti gbó ni ẹ ń gé, ẹ dín in sí mítà 1.2.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ gbìn ní mítà mẹ́ta síra, tí ewé rẹ̀ ti tàn, HP 75 ò ní kọjá láàárín rẹ̀ láì ṣe é léṣe. Èyí tó fẹ̀ tó mítà 1.4 á kọjá. Ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn ní mítà mẹ́sàn-án ò ní wàhálà.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tàn án. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti múra sílẹ̀ dè yín nìyẹn. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ gbùù-gbùù, ríìǹgì inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ, HP 35 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé irinṣẹ́ tó wúwo sókè, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó bá rọra ń sọ̀ kalẹ̀, háídírọ́líìkì ń jò.

Katakata kì í ṣe katapílà, bó ti wù kó lágbára tó. Kí wọ́n hú kùkùté kúrò kó tó wọ oko. Ẹni tó bá so ṣéènì mọ́ apá òkè ẹ̀yìn rẹ̀ láti fa kùkùté, iwájú á gbéra, á sì yí dé awakọ̀ lórí kó tó ráyè tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Irin ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń fa tírélà nìkan ni ibi tí ṣéènì ń gbé.