Èémí ló pọ̀ jù: bí mo ṣe tún orin kọ́ lẹ́yìn tí ohùn mi kẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná kí n tó ṣàlàyé. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè kọ orin kan parí, owó tí mo ná lórí dókítà àti àwọn tó ń tọ́jú ohùn tó ra máìkì gidi mẹ́ta, gbólóhùn kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn sì máa ń sọ fún akọrin ló fa gbogbo ẹ̀: "fi ikùn tì í!" Mo fi ikùn ti èémí jáde lóòótọ́. Mo tì í títí ohùn fi kẹ̀.

Orin ìgbàlódé ni mò ń kọ, èyí tó jẹ́ pé tó bá ti dé kọ́ràsì wàá fi ohùn àyà, ohùn líle téèyàn fi ń sọ̀rọ̀, gun òkè, ohun tí wọ́n ń pè ní belting. Lálẹ́ ọjọ́ burúkú yẹn, mọ́nítọ̀ tó yẹ kí n fi máa gbọ́ ara mi ò dún dáadáa, ìlù ń ké tantan lẹ́yìn mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan, ni mo bá ń pariwo. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti bàjẹ́ tán ni mo wá kà á pé Étienne Lombard, dókítà ará Faransé kan, ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1911 pé tí ariwo bá ti pọ̀ láyìíká èèyàn, ohùn ẹ̀ á máa lọ sókè láìjẹ́ pé ó mọ̀ rárá. Láti 1911 o! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Nígbà tílẹ̀ mọ́ mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Mo wá fi ọjọ́ mẹ́rin sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mo ní mò ń sinmi, àṣé bí mo ṣe ń fún ọ̀fun pọ̀ kí n tó lè sọ wúyẹ́wúyẹ́ yẹn gan-an ń dá kún un ni.

Dókítà ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lórí gba imú mi wọlé (kò dunni, ó kàn ń ṣe mí bíi kí n sín, omi sì ń bọ́ lójú mi), ó tan iná kan tó ń ṣẹ́jú pàkàpàkà, iná yẹn ló máa jẹ́ kéèyàn rí i bí ẹni pé tán-án-ná, ohun tó ń mú ohùn jáde nínú ọ̀fun, ń rọra ṣí, ń rọra pa dé. Mo rí tèmi nínú fídíò, fẹ́lẹ́ funfun méjì tó dojú kọra, gígùn wọn ò tó ínṣì kan. Nǹkan kékeré yìí ló ń gbára wọn ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí mo bá kọ nóòtì A tí àwọn oníjìtá fi ń tún okùn ṣe! Kókó kan ti yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó orí ìṣáná, wọ́n dojú kọra wọn gẹ́lẹ́, torí ibẹ̀ ló ń fara gbá ìkejì jù. Mo rò pé ọ̀bẹ ló kàn, dókítà ní rárá, irú kókó báyìí sábà máa ń lọ téèyàn bá yí bó ṣe ń lo ohùn padà. Gbogbo omi tí mo sì ń gbé mì pé kó lọ fọ ohùn, ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà lọ, kò kan tán-án-ná rárá. Ó dáa kéèyàn mumi, àmọ́ ara ló kọ́kọ́ máa lò ó, kì í ṣe oògùn ojú ẹsẹ̀.

Ti ìdúró, ti mímí, ti mímú ohùn gbóná, mi ò ní sọ ìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ibi tó fẹ́ sọ mí di wèrè ni afárá, ibi tí ohùn àyà ti fẹ́ di ohùn orí, ohùn tó fúyẹ́ tá a fi ń kọ òkè. Fún èmi ọkùnrin, àyíká E sí F tó wà lókè C àárín dùùrù ló wà. Iṣan kan ń mú tán-án-ná nípọn, òmíràn ń fà á gùn. Béèyàn ṣe ń lọ sókè, ó yẹ kí ti àkọ́kọ́ máa dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ìkejì. Tèmi ò dẹwọ́, ńṣe ló ń di ohùn mú gírígírí, tó bá wá rẹ̀ ẹ́ á já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn á ṣẹ́ kẹ́ bí ti ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Lójoojúmọ́, ní nóòtì kan náà.

Sítírọ́ọ̀ ni àwọn tó ń tọ́jú ohùn fún mi. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wàá ki sítírọ́ọ̀ bọnú kọ́ọ̀bù omi, kó rì tó ìka méjì, wàá wá máa fi "uu" gun òkè nínú ẹ̀, omi á máa hó. Èémí tó kọ lu omi á tì padà díẹ̀, ìyẹn á dà bíi tìmùtìmù fún tán-án-ná, wọn ò ní máa gbára wọn líle. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní C omi ń hó jẹ́jẹ́, ní D bákan náà, tí mo bá ti ku díẹ̀ kí n dé E báyìí, gbàì! omi á ta sí mi lójú. Mo pààrọ̀ sítírọ́ọ̀, mo pààrọ̀ kọ́ọ̀bù, mo tiẹ̀ bínú da omi nù lọ́jọ́ kan.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló tó yé mi pé omi ló ń tú àṣírí mi. Kí n tó dé E rárá ni ẹ̀rù ti ń bà mí, ni mo bá ń fi èémí kún èémí, ikùn ń tì í bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Èémí mi ò kéré rí, ó ti pọ̀ jù látilẹ̀! Mo pa ti nóòtì tì, mo dojú kọ omi, mo ní mi ò ní gun òkè ju ibi tí omi bá ti ń hó bákan náà lọ. Lọ́jọ́ kejìlélọ́gbọ̀n mo gba E kọjá, mo gba F, ojú mi gbẹ. Mo pariwo, mo sì rántí pé wọ́n ní kí n má pariwo.

Ohun tó kù ò pẹ́. "A" tó là gbayawu lókè ló ń fa ohùn ya, mo wá ń fi díẹ̀ nínú "ọ" sí i, ẹni tó ń gbọ́ ò ní mọ̀. Tí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀ látòní, fídíò ara mi ni màá kọ́kọ́ wò kí n rí bí iṣan ọrùn mi ṣe ń yọ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, tíṣà ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Máìkì wà, òun ni iṣẹ́ ariwo wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tá à ń dánra wò, kọ́ràsì wọlé, mo gbé G láìṣẹ́. Onílù wa bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé ò ń ṣàìsàn ni? Ohùn ẹ ti rọlẹ̀ jù." Mo ní kó rọra máa lùlù, kó sì bá mi yí mọ́nítọ̀ mi sókè.