Ẹ Má Fi Orin Pe Òǹkà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Kọ́ Ọmọdé Ní Ábídí àti Òǹkà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà, ọmọ ọdún 4, a máa ka ení dé ogún láì mí. Àlejò tó bá wọ ilé wa ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, wọn á ní kó kà á fún un, gbogbo wa á sì pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan mo ní kó bá mi mú ọsàn márùn-ún wá nínú agbọ̀n. Ó kó méje wá, ó tún sá padà lọ mú ọ̀kan sí i. Mo ní kó kà wọ́n. Ẹnu ń sáré, ìka ò bá a: ó fọwọ́ kan ọsàn kan lẹ́ẹ̀mejì, ó fo òmíràn, ó ní mẹ́wàá ni. Kì í ṣe pé orí ọmọ náà kú. Orin la kọ́ ọ, tí a rò pé òǹkà ni.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí àwa òbí ń ṣe, èyí ló ń dùn mí jù, torí pé ó ń dùn mọ́ wa létí. Kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n kà, ó gbọ́dọ̀ yé e pé orúkọ kan fún ohun kan ni, àti pé èyí tó pè kẹ́yìn ni iye gbogbo wọn. Ọwọ́ ló ń kọ́ ọmọ ní èyí. Ẹ jẹ́ kó máa gbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn bó ṣe ń pè é: ṣíbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tòmátì tí ẹ rà lọ́jà Kútọ̀. Ẹ má kọjá márùn-ún títí yóò fi lè ka márùn-ún fún yín láìṣì í.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà jù ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sì yà mí lẹ́nu. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, à ń fi kún mẹ́wàá ni. Tó bá ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ti ń yọ kúrò nínú ogún nìyẹn. Ẹ má ní kó há a sórí. Ẹ ka ọmọ ayò 20 sílẹ̀, kó yọ márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ka èyí tó kù. Ẹ dá a padà, kó yọ mẹ́rin. Mo rí ọmọ ọdún 6 tó fò sókè lórí ẹní: "Áà, mẹ́rin ló dín!" Mẹ́rìndínlógún ti yé e títí láé. Ọpọ́n ayò fúnra rẹ̀, ihò 12, mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òǹkà ni látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e síwájú ọmọ tó ṣì ń ti nǹkan bọ ẹnu tàbí imú.

Ẹ má sì ti pẹ́ńsù bọ ọmọ ọdún 3 lọ́wọ́ pé kó kọ A kún ojú ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ ò tí ì gbó. Nígbà tí ìyá mi bá ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí a ń fi láfún ríro ya ọnà sí kó tó wọ aró, ó máa ń ro láfún díẹ̀ sọ́tọ̀, láìfi álọ́ọ̀mù sí i, á fún ọmọ ní ìyẹ́ adìyẹ kan àti àkísà. Ọmọ á fa ìlà wálẹ̀, á fà á sápá ọ̀tún, L dé. Ẹni tí kò ní láfún, iyanrìn wà níwájú ilé. Tó bá sì jẹ́ ọwọ́ òsì ló fi ń kọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kọ́ ọ pé ọwọ́ ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ti ìwé kíkọ yàtọ̀.

Ábídí wa, lẹ́tà 25 ni. Ní jẹ́lé-ó-sinmi, 26 ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún wọn nílé pé GB jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, pé a ò ní C. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ ní ìjókòó kan. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn èdè Yorùbá àkọ́kọ́ ní 1859, síbẹ̀ mo rí ọmọ ibẹ̀ tó fi ìka nu àmì abẹ́ ọ kúrò lórí síléètì, ó rò pé ìdọ̀tí ni. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ "oko" gàdàgbà sílẹ̀, kí ọmọ gbé òkúta wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ o méjèèjì. Oko di ọkọ. Kó kó òkúta kúrò, kó tún pè é. Wọn kì í fẹ́ dá eré yìí dúró.

Tó bá kọ b bíi d, ẹ fi pàṣán sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ọdún 6 tàbí 7, kì í ṣe oríkunkun. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ ti tó. Ẹ kó ẹrù nílẹ̀ nígbà tó ṣì ń bẹ̀ yín pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan.