Róòbù tí mo rán fún ooru Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá ti lo oṣù kẹta ọdún ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, mọ ohun tí mò ń sọ. Atẹ́gùn ń ti ọ̀sà wá lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rinrin ló ń gbé bọ̀, áńkárá á sì lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra mítà 2 aṣọ tó ń fà ní ọjà Ouando, irú èyí tí wọ́n fi ń rán síńgílẹ́ẹ̀tì.

Mo fọ̀ ọ́ kí n tó gé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí: sẹ̀ǹtímítà 8 ni tèmi fi kúrú nígbà tó gbẹ. Róòbù àtijọ́ kan tó bá mi lára mu ni mo tẹ́ lé e lórí láti fi gé e, mo sì rí i pé ìhà tó ń fà jù ló yí ara mi ká.

Ìrán ló yọ mí lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán áńkárá ni mo lò, mo sì rán an gbọọrọ. Bí mo ṣe ń bọ̀ ọ́ sọ́rùn báyìí, òwú èjìká já tòò, ihò wẹ́wẹ́ sì ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìrán. Ó dùn mí wọra. Ìyá mi, tó fi aṣọ rírán tọ́ wa dàgbà, gbà á lọ́wọ́ mi.

"Òwú áńkárá dábùú ara wọn ni. Ti èyí kọ́ ara wọn bí ẹ̀wọ̀n. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló gé e."

Mo tú gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì mo ra abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rí roboto díẹ̀, nọ́ńbà 80, tó ń yà fún òwú dípò kó gé e, mo tún ra òwú pọliẹ́sítà. Mo yí ẹ̀rọ sí sígísáàgì, ìrán tó ń yà sọ́tùn-ún sósì, fífẹ̀ 1, gígùn 2.5. Mo dán an wò lórí àjákù aṣọ, mo fà á títí, kò já.

Ó wá ku ọwọ́ mi. Ó ti mọ́ mi lára kí n máa fa aṣọ láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, aṣọ yìí á sì kákò lójú ẹsẹ̀. "Ọmọ mi, tu ọwọ́ lára rẹ̀, ẹ̀rọ á gbé e fúnra rẹ̀." Ó fa àga kan sábẹ́ aṣọ kí ó má baà máa fi ìwúwo ara rẹ̀ fà.

Ọrùn ni mo fẹ́ràn jù. Ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, mo sì gé bàǹtì rẹ̀, ìyẹn ọ̀já aṣọ tí a ń rán mọ́ etí ọrùn, sí 52. Tí bàǹtì bá gùn tó ọrùn, á ṣí sílẹ̀ bí ẹnu àpò. Mo fi píìnì pín méjèèjì sí mẹ́rin, bàǹtì nìkan ni mo ń fà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi bára mu.

Mo fi róòbù náà kọ́ mọ́jú kí n tó ká etí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, apá kan ti wálẹ̀ ju èkejì lọ, mo gé e dọ́gba, mo ká sẹ̀ǹtímítà 2.

Mo wọ̀ ọ́ lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án gangan. Bí mo ṣe dé, ìyá mi fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi, ó gbẹ. Ó ní kí n ra mítà 3 fún òun, torí apá gígùn lòun fẹ́.