Bí mo ṣe ka fèrèsé Leamaneh láti ojú títì

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gbé ní Limerick. Ibikíbi tí mo bá wakọ̀ gbà ní ìwọ̀-oòrùn Ireland, mo máa ń rí ilé òkúta gogoro kan tí kò ní òrùlé, tí ó dá dúró láàárín pápá, tí màlúù ń jẹ koríko yí i ká. Mo pinnu pé n óò mú ọ̀kan nínú wọn, n óò dúró níwájú rẹ̀, n óò sì yà á sórí ìwé títí yóò fi yé mi. Leamaneh ní County Clare ni mo mú, nítorí pé ilé méjì ló wà lára ara wọn níbẹ̀.

Máàpù ni mo kọ́kọ́ wò. Ìjọba Ireland ní ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n to àmì pupa sí ojú ibi àtijọ́ gbogbo tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ti Clare, ńṣe ló rí bí ara ọmọ tí ẹ̀yi mú. Ilé olódi nìkan kọ́ ni gbogbo rẹ̀ o. Ibojì àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní Sátidé, èmi àti ìyàwó mi gba Ennis lọ sí Corofin, a tẹ̀ lé títì R476 títí dé oríta tí R480 ti yà wọ Burren, ilẹ̀ olókùúta ní àríwá Clare. Ilé náà wà ní oríta gan-an. Kò sí ibi tí ènìyàn lè gbé ọkọ̀ sí, a ní láti gbé e síwájú díẹ̀ ká sì fẹsẹ̀ rìn padà. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ògiri òkúta nígbà tí ìyàwó mi ní, “Baba Tọ́lá, ta ló pè yín síbẹ̀?” Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Títì ni mo ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, pẹ̀lú awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, nínú òjò winniwinni.

Apá ọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ilé gogoro alájà márùn-ún ni, nǹkan bí ọdún 1480 ni ìdílé O'Brien kọ́ ọ. Ojú fèrèsé rẹ̀ kò ju ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ̀ sí i nínú ògiri, kí ẹni tó wà nínú ilé lè rí ìta dáadáa, kí ọfà ará ìta má sì rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tó kọ́ ilé yìí mọ̀ pé ọ̀tá ń bọ̀.

Apá òsì ni wàhálà wà. Ilé ńlá alájà mẹ́rin tí Conor O'Brien fi kún un ní àwọn ọdún 1640 nìyẹn. Fèrèsé ibẹ̀ gbòòrò, wọ́n fi òkúta gbígbẹ́ pín ojú wọn ní òró àti ní ìbú. Ìgbà méjì ni mo yà á tì. Àjà ti ṣubú, òrùlé ti lọ, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ilé kọjá, mo sì ń ya fèrèsé ẹ̀yìn mọ́ ti iwájú. Ohun tó yọ mí ni pé mo fi ìlà gbọọrọ sí ibi tí àjà kọ̀ọ̀kan ti wà, mo wá ń to fèrèsé lé ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí mo ṣe parí rẹ̀ ni mo rí i. Láàárín nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún, ìdílé kan náà ti kúrò nínú ihò tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń fẹ́ oòrùn nínú iyàrá. Àsìkò tí wọ́n yàn kò dára rárá. Ọdún 1651 ni Conor gba ọgbẹ́ ikú lójú ogun pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Cromwell, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó kó ogun wọ Ireland. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé e délé, ìyàwó rẹ̀, Máire Rua onírun pupa, kígbe láti òkè pé àwọn ò gba òkú níbí. Ìgbà tó gbọ́ pé èémí ṣì ń bẹ nínú rẹ̀ ló tó sọ̀kalẹ̀ wá tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú. Èyí tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ìtàn ẹnu: lẹ́yìn náà, ó fẹ́ ọ̀gá ológun kékeré kan lára àwọn ará Cromwell náà, John Cooper, kí ilẹ̀ má baà bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ìyàwó mi ní, “Obìnrin nìyẹn.” Èmi ò fèsì.

Ọmọ náà, Donough, kó lọ sí Dromoland, ilé ìdílé wọn mìíràn ní Clare, Leamaneh sì di ahoro. Wọ́n wú ẹnu ọ̀nà ọgbà rẹ̀ lọ sí Dromoland níkẹyìn, wọ́n sì gbé ibi ìdáná kan lọ sí Old Ground Hotel ní Ennis. Ibẹ̀ la yà sí nígbà tí a ń bọ̀, pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Mo mu tíì, mo sì ya ibi ìdáná náà sí òpin ìwé mi.